Ìbéèrè Lórí Pápá: "Ọmọ mi kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù"

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Inú ọjà Sábó níbí ní Ìkòròdú ni mo ti ń ta àǹkárá. Àbíkẹ́yìn mi wà ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́hùn-ún tí wọ́n ń fọwọ́ gbé. Ó ní left guard lòun. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa ṣí i fún mi lórí fóònù, àmọ́ mi ò tíì rí i kí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní running back ni wọ́n ń pariwo ṣáá. Àwọn ẹbí ń bi mí pé góòlù mélòó ló ti gbá wọlé, ọ̀rọ̀ a sì pèsì jẹ. Mo pè é lọ́jọ́ tí wọ́n gbá kẹ́yìn, ó ní, "Màámi, a sáré dáadáa lónìí." Ta ló sáré? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọmọ mi mọ iṣẹ́ tó ń ṣe?
Ìyá àbíkẹ́yìn, Ìgbógbò

Ìyá wa, ẹ kú orí ire ọmọ. Ọmọ yín ò parọ́ fún yín. Inú "a sáré" tó wí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, màá sì fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ bíi tiyín ká mi lára.

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi fọ aṣọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì kan lọ́hùn-ún kí n tó padà wá sí Ìpakòdo níbí. Èmi kì í ṣe kóòṣì, n kò sì gbá a rí. Àmọ́ jẹ́sì tí wọ́n bá bọ́ lọ́rùn lálẹ́ Sátidé, ọwọ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan, kì í jẹ́ kí n da jẹ́sì kankan sínú ẹ̀rọ láì kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Á ní kí n wo ibi tí ìdọ̀tí wà. Jẹ́sì quarterback rèé, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù tàbí tó ń fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́: bó bá mọ́ bó ṣe mọ́ nígbà tó wọ̀ ọ́ jáde, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Jẹ́sì running back rèé, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré: bí àwọ̀ koríko bá wà láyà rẹ̀, iwájú ló ń ṣubú sí, bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló dọ̀tí, á jẹ́ pé wọ́n ń pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n ń tì í padà sẹ́yìn. Bí a bá tẹ́ méjèèjì tán, ọ̀gá mi á sọ irú ọjọ́ tí àwọn márùn-ún iwájú, tí ọmọ tiyín wà lára irú wọn, rí, kó tó bi ẹnikẹ́ni bí ìdíje ṣe lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kó ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ mọ̀ jù mí lọ. Yáàdì tí ẹ fi ń wọn àǹkárá náà ni wọ́n fi ń wọn pápá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti fi sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n á tún ní mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Èèyàn mọ́kànlá ló wà níhà kọ̀ọ̀kan. Nínú mọ́kànlá tó ní bọ́ọ̀lù, márùn-ún ni ògiri. Center wà láàárín, òun ló ń ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ quarterback. Guard kan wà lápá òsì rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, tackle méjì sì wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Nọ́ńbà 50 sí 79 ni ẹ ó máa rí lẹ́yìn wọn, òfin ò sì gbà kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù síwájú sí wọn. Ẹ sọ fún àwọn ẹbí pé òfin ni kò jẹ́ kó gba bọ́ọ̀lù, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe.

Bí eégún bá jáde, agọ̀ ni gbogbo ojú ń wò. Ta ló ń wo ẹni tó ń la ọ̀nà níwájú rẹ̀? Ọmọ yín, atọ́kùn ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe sí, ẹ ní láti mú ojú kúrò lára eégún, èyí ló sì ṣòro jù, torí bọ́ọ̀lù ni ojú èèyàn máa ń fẹ́ tẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì wo ibòmíràn títí fèrè á fi dún. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá péré. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni bó ṣe lọ sílẹ̀ tó. Ìjàkadì ni iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ nàró ni wọ́n ń gbé sọnù. Ọ̀pọ̀ wọn wúwo tó kílò 136 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ ó rí i pé orúnkún ni ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń tẹ̀, kì í tẹ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ẹni tó dojú kọ láyà gan-an, kí ìgúnpá rẹ̀ sì sún mọ́ ìhà. Bí ọwọ́ bá ti lọ sí èjìká tàbí apá ẹni yẹn, tó wá dì í mú, rẹfirí á ju áńkáṣíìfù yẹ́lò sílẹ̀, wọ́n á sì dá gbogbo ẹgbẹ́ padà sẹ́yìn ní yáàdì mẹ́wàá.

Jẹ́sì àwọn márùn-ún yẹn la máa ń dín mọ́ra jù. Téèpù tó ń lẹ̀ níwá lẹ́yìn la fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike tí wọ́n ń wọ̀ sí èjìká, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan dì mú lára wọn. Lálẹ́ Sátidé, èékánná ni mo fi ń ṣí téèpù yẹn, á ti gbóná mọ́ aṣọ bí àtè. Àwọn àṣíborí wọn ńkọ́? Ọ̀dà àṣíborí ẹgbẹ́ kejì á ti fà sí i lára gbọọrọ, pupa lórí búlúù. Mo máa ń fi ìka tọ ojú rẹ̀ kí n tó nù ún kúrò.

Ohun tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo sì fi ń mọ guard gidi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ yín kò ní dá ẹnì kan dojú kọ. Òun àti tackle ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jọ fi èjìká gba ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, wọ́n á máa tì í sẹ́yìn bí ẹni ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ọkùnrin yẹn, ẹnì kan tún wà tí kò sanra tó o àmọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, linebacker ni wọ́n ń pè é, ó ń ṣọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ọkùnrin ńlá náà sílẹ̀ fún èkejì rẹ̀, kó lọ pàdé linebacker. Bó bá tètè lọ jù, ọkùnrin ńlá yẹn á já gba àárín wọn wọlé. Bó bá pẹ́ jù, linebacker á ti dé ara ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó máa pariwo "ó yá" fún un. Ara ló fi ń mọ̀ ọ́n: á máa gbọ́ bí ìwúwo ọkùnrin yẹn ṣe ń kúrò léjìká òun bọ́ sí èjìká èkejì rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì ti wà lára linebacker nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ẹni tí wọ́n jọ ń tì. Ìyá wa, bí ẹ bá rí i tí ọmọ yín kúrò lára ẹnì kan, tó tún lọ bá ẹlòmíràn, tó sì gbé e kúrò lọ́nà kí fèrè tó dún, ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ pa á kíkankíkan, bó tiẹ̀ jẹ́ inú ìsọ̀ lẹ wà.

Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i tó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, tó yíra padà, tó ń sáré gba ẹ̀yìn àwọn yòókù lọ sápá ọ̀tún. Kò sá fún iṣẹ́ o, wọ́n rán an ni. Ibi tó bá forí lé ni bọ́ọ̀lù máa gbà. Running back tó ní sùúrù á tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, nígbà mìíràn ẹ ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbé lé ẹ̀yìn guard náà bí afọ́jú tó ń tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ gba inú ọjà kọjá.

Bí ẹ bá ti wo ọmọ yín tẹ́rùn, ẹ wá wo ẹyọ ohun kan lára running back: ibo ni wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án? Yáàdì tó rìn kí ẹnikẹ́ni tó kàn án, ti àwọn márùn-ún ni. Èyí tó rìn lẹ́yìn tí wọ́n ti dì mọ́ ọn, tiẹ̀ ni. Bí ó bá rin yáàdì mẹ́rin kí ọwọ́ kankan tó bà á, tó sì ṣubú níbi tí wọ́n ti kàn án gan-an, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n á ní eré kékeré lásán ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn márùn-ún ti ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá sì bá a lẹ́yìn ibi tí bọ́ọ̀lù ti gbéra, tó wá já ara rẹ̀ gbà, tó sá lọ rí yáàdì mẹ́fà, gbogbo pápá á hó, àmọ́ iṣẹ́ iwájú bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Àwọn kan á ní running back tó gbọ́n máa ń fúnra rẹ̀ yẹra fún ọwọ́. Òótọ́ ni, ìwọ̀n yìí kò gún régé tó ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn aṣọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ìyá lè fi ojú lásán rí lórí fóònù, n kò mọ èyí tó jù ú lọ.

Ẹ má sì rò pé kò sẹ́ni tó ń rí wọn. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fún àwọn iwájú tó dára jù ní bọ́ọ̀lù yunifásítì ní Joe Moore Award. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń gbà á, wọn kì í mú ẹnì kan. Yunifásítì Michigan gbà á ní 2021, wọ́n tún gbà á ní 2022. Ẹ mọ center wọn lọ́dún 2022? Olu Oluwatimi. Ẹ ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ orúkọ yẹn fún yín. Lọ́dún yẹn kan náà ló gba Rimington Trophy, tó jẹ́ ti center tó dára jù, àti Outland Trophy, tí wọ́n ti ń fún àwọn tó ń jà níwájú láti 1946.

Nípa àkókò: ìdíje tó bá bẹ̀rẹ̀ láago méjìlá ọ̀sán ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni níbí. Láti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, ó di aago mẹ́fà. Ẹ tètè palẹ̀ ìsọ̀ mọ́.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá a. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ yunifásítì kan. Nínú ìdíje wọn tó kọjá, ìwé ìṣirò ní wọ́n sáré nígbà 30, yáàdì 90 ni wọ́n rí. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn iwájú wọn ò wúlò. Èmi ní mo fojú mi rí ihò tí wọ́n ń là. Ta ló jàre?
Ọmọ Agric, Ìkòròdú

Àbúrò mi, kọ́kọ́ lọ wò ó: ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n gbé quarterback wọn ṣubú kó tó ju bọ́ọ̀lù? Ní bọ́ọ̀lù yunifásítì, yáàdì tí quarterback bá pàdánù báyẹn, inú ìṣirò eré sísá ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n sì ń kà á mọ́ iye ìgbà tí wọ́n sáré. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbà á fún owó, ní NFL, inú ìṣirò jíju bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń yọ tiwọn. Wá gbé e yẹ̀ wò. Ká ní ìgbà 25 ni wọ́n sáré ní tòótọ́, tí wọ́n sì rí yáàdì 125. Márùn-ún lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Ká tún ní wọ́n gbé quarterback ṣubú nígbà 5, tó pàdánù yáàdì 35. Ìwé á kọ ìgbà 30, yáàdì 90. Mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ihò tí o rí, o rí i lóòótọ́.

Àmọ́ má tíì lọ yọ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Àwọn márùn-ún kan náà ló yẹ kó dáàbò bo quarterback nígbà márùn-ún yẹn. Ohun tí ìṣirò ń sọ ni pé wọ́n mọ títì síwájú, wọn ò mọ dídúró gbà. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan, ìwọ lò ń lọ bá ọkùnrin náà; èkejì, òun ló ń bọ̀ wá bá ọ, tí ìwọ ń fi ẹ̀yìn rìn.

Ohun kejì tó ń tan èèyàn jẹ ni kí wọ́n pín yáàdì sí dọ́gbadọ́gba. Lọ́jọ́ 26 oṣù kọkànlá, 2022, Michigan lọ bá Ohio State nílé, wọ́n nà wọ́n 45 sí 23. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni níbí, mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ síta ṣáájú. Blake Corum tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún Michigan ti fara pa lórúnkún, Donovan Edwards ló wá gbé e, ìgbà 22, yáàdì 216. Bí o bá pín in, ó lé ní mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni á ní ìjì ni. Wá yọ eré méjì kúrò, ọ̀kan yáàdì 75, ọ̀kan yáàdì 85, méjèèjì ní ìdá kẹrin ìdíje, èyí tó kẹ́yìn. Ìgbà 20 ló ṣẹ́ kù, yáàdì 56. Kò tó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan! Ṣé iwájú wọn ò dára ni? Àwọn yìí ló gba Joe Moore lọ́dún yẹn. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ń lu ògiri kan náà láti ọ̀sán, méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, títí ẹsẹ̀ àwọn tó ń dí ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó ṣí gbayawu. Ẹni tó bá wo 216 nìkan kò rí i, ẹni tó bá wo 56 nìkan náà kò rí i.

Nítorí náà, eré kọ̀ọ̀kan ni kí o máa dá lẹ́jọ́. Ìwọ̀n kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣèṣirò bọ́ọ̀lù yunifásítì ń lò: ní àǹfààní àkọ́kọ́, eré yẹn yọrí bó bá mú ìdajì ohun tó kù wá, ní ìkejì, ìdá 70 nínú 100, ní ìkẹta àti ìkẹrin, gbogbo rẹ̀. Fi bébà àti bírò ṣe é, o ò nílò kọ̀ǹpútà. Sàmì sí gbogbo eré tí wọn ò ti rí yáàdì kankan pẹ̀lú, torí ìyẹn gan-an ló ń pa ẹgbẹ́. Kí o sì ka iye ọkùnrin tó kó jọ síwájú wọn kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Bí àwọn márùn-ún àti tight end kan, ẹni tó ń dúró ní ìpẹ̀kun wọn láti bá wọn dí ọ̀nà, bá dojú kọ èèyàn mẹ́jọ, ẹni méjì ló ṣẹ́ kù tí kò sí ẹni tó máa dí wọn, má wá di ẹ̀bi yẹn lé wọn lórí, kóòṣì ló pe eré yẹn. Èmi, ibi tí mo ti ń mọ̀ wọ́n jù ni nígbà tó bá ku yáàdì kan péré, tí gbogbo pápá mọ̀ pé wọ́n máa sáré. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀ mọ́.

*

Bàbá, àbúrò mi ọkùnrin pé ọdún 19, ó ga, ó wúwo tó kílò 128. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò. Ṣé ó ti pẹ́ jù fún un láti kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà?
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ọ̀dọ̀gùnyàn

Kò pẹ́ jù. Christian Okoye, ọmọ Enugu, nítorí jíju díísíkì ló ṣe lọ sí Azusa Pacific ní Kalifọ́níà, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù yìí. Ní 1989, òun ló sáré jù lọ ní gbogbo NFL, yáàdì 1,480. Ti àbúrò yín á le ju ìyẹn lọ díẹ̀, torí iṣẹ́ iwájú gba ìmọ̀ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tí kì í yára wọlé. Kó máa jà ìjàkadì, kó máa ju irin, kó máa lóṣòó kó sì dìde pẹ̀lú ẹrù léjìká, kó má sì fi èsì ìwé mẹ́wàá rẹ̀ ṣeré, torí yunifásítì ni, wọ́n á béèrè rẹ̀. Flag football, irú èyí tí wọ́n ń fa aṣọ kékeré yọ ní ìbàdí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dípò kí wọ́n gbé e ṣubú, tó máa wà ní Òlíḿpíìkì Los Angeles ní 2028, dára, àmọ́ èèyàn márùn-ún ló ń gbá a níhà kọ̀ọ̀kan, wọn kì í ti ara wọn níbẹ̀, kò ní fi ohun tí ara rẹ̀ lè ṣe hàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá sílé yín pé òun máa bá a wọ ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ mú owó wá, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ gíga rẹ̀ àti bí apá rẹ̀ ṣe gùn tó ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ ya fọ́rán rẹ̀ níbi tó ti ń bá ẹnì kan tó tó o jìjàkadì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ wò.